Norbey Kì Í Tiro Níwájú Dálida

Nígbà tí Norbey Ocampo kọ́kọ́ wọ yàrá ìwádìí ìrìn èèyàn ní yunifásítì kan ní ìlú Manizales, ó kí gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀ àfi Dálida Marulanda. Dálida ka èyí sí ìgbéraga. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ wo awakọ̀ jíìpù yìí o! Ẹsẹ̀ kan, ìgbéraga méjì." Kò mọ̀ pé ìtìjú ló dí ọkùnrin náà lẹ́nu, àti pé láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí òun, tó sì ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Jíìpù ni Norbey ń wà lójú ọ̀nà oko kọfí tó yí ìlú Neira ká. Ó ń kó àpò kọfí, ó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń kó àwọn ìyá arúgbó tó ń lọ sí Máàsì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ táyà, jíìpù náà sì yí gbirigbiri lọ sínú àfonífojì. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹsẹ̀ òsì Norbey nìkan ni wọ́n gé nísàlẹ̀ orúnkún.

Dálida ní tirẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tó ń wá ni ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó lè tẹ̀ fúnra rẹ̀, bóyá ilẹ̀ dagun ni o, bóyá ó dà gẹ̀rẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún, ta ló sì rí ilẹ̀ títẹ́jú ní Manizales? Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì níbẹ̀ á kọ́kọ́ gun òkè ná, bó bá sì ń bọ̀, á máa fi gìgísẹ̀ dá ara rẹ̀ dúró kó má baà já bọ́ sílé onílé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Dálida á lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán mọ́ ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó wá rìn. Àwọn kámẹ́rà tó wà lára ògiri kì í rí nǹkan mìíràn ju bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn lọ. Tí ẹni náà bá ti ń rìn lórí pákó tó dagun, ohun tó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà ni ìmọ́lẹ̀ tíntìntín mélòó kan tó ń lọ nínú òkùnkùn. Kò sí ojú, kò sí aṣọ, kò sí orúkọ. Ìrìn nìkan ló kù.

"Ẹnjiníà," Norbey ní nígbà kejì tó wá, bí Dálida ṣe kúnlẹ̀ tó ń lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ orúnkún rẹ̀, "ṣé ẹ ò ní lẹ ọ̀kan mọ́ àyà mi ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi àyà yín wò?"

"Ibẹ̀ ló ń mì jù lónìí."

Zoraida bú sẹ́rìn-ín. Òun ni olùtọ́jú iṣan àti eegun nínú yàrá náà, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí tọmọdé tàgbà níbẹ̀ ń pè ní Àǹtí. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò lè kí èèyàn lọ́jọ́sí, ẹnu ẹ̀ ti là!"

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un kó dúró jẹ́ẹ́," Dálida ní, àmọ́ ó tẹrí ba kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Norbey wá wọ ẹsẹ̀ tí Dálida ṣe, èyí tí wọ́n fún un láti máa lò nílé pẹ̀lú, ó sì rìn. Ó gun pákó náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, bí ọkọ ìyàwó tó ń lọ sí iwájú pẹpẹ. Nígbà tí Zoraida bi í bóyá ẹsẹ̀ náà ń dùn ún, ó ní kò dùn òun rárá. Orí Dálida wú. Nínú gbogbo àwọn tó ti bá a dán ẹsẹ̀ yẹn wò, kò sẹ́ni tó rìn bẹ́ẹ̀. Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Echavarría, ọ̀gá rẹ̀, bá béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí, ìrìn Norbey ló máa ń ṣí hàn án.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i wò lásán, nígbà tí kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ó ti mọ ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí ti gbogbo àwọn yòókù. Ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé èkejì, bíi ti ẹni tó ń yà fún àgbà kó kọjá. Dálida á wò ó, inú rẹ̀ á dùn, ọkàn rẹ̀ á sì dá a lẹ́bi. "Dálida, ṣé ọkùnrin lò ń wò ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ?"

Òfin iṣẹ́ wọn kò ṣe é fi ṣeré. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó wà nínú ìwádìí náà fẹ́ra. Nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì. Zoraida ló di alárinà ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ.

"Norbey ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò ní nǹkan kan láti sọ."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."

"Màá jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún un. Àmọ́ mo ti dàgbà jù fún irú iṣẹ́ òfìfo yìí o, ọmọ yìí."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwòrán ìrìn Norbey kẹ́yìn, Dálida jáde ní yunifásítì, ó bá a tó dúró sábẹ́ ìbòrí ilé búrẹ́dì tó wà lódìkejì, tó ń yẹra fún òjò, tó gbá àpò kọfí kékeré kan láti oko ìyá rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹnjiníà, ṣé mo ti kúrò nínú ìwádìí yín báyìí?"

"Ẹ ti kúrò. Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i tán ni."

"Ó dáa." Ó mí kanlẹ̀. "Dálida, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Látọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ̀yin" ni wọ́n ń pe ara wọn, bí àgbà méjì tó pàdé ní báǹkì. Bó ṣe pè é lórúkọ lásán yẹn, ara Dálida gbóná láti orí dé ẹsẹ̀, òtútù òjò náà ò sì mú un mọ́.

"Ó ti pẹ́ kó o tó sọ ọ́," ló fi dá a lóhùn.

Ìgbà tó kàn ni ọjọ́ Sunday tí Norbey wá kí ìyá Dálida nílé, bí ọkùnrin tó ní ìtìjú lójú ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Ìyá náà, doña Leonilde, ń gbé ní àjà kẹta, òun àti Dálida nìkan, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú lẹ́yìn àìsàn ọlọ́dún gbọọrọ. Àtẹ̀gùn ilé náà ga, ó sì há. Norbey gùn ún láìfọwọ́ kan irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sí ibi tí wọ́n fi í sí, ó mu ṣokoléètì gbígbóná, ó jẹ wàràkàṣì, ó sì ń dìde fùú ní gbogbo ìgbà tí doña Leonilde bá wọlé tàbí tó bá jáde.

"Ẹ jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ máa dá mi lágara."

"Kò sí wàhálà, Mà. Ara mi le."

Nígbà tó lọ tán, doña Leonilde kó àwọn ife jọ láìsọ̀rọ̀. Dálida tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ nígbà náà."

"Ọmọlúàbí ni. Ó mọ ìwà hù. Mi ò sì fẹ́ ẹ fún ẹ."

"Nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú bàbá ẹ, Dálida. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ aláìlera nínú ilé. Mi ò tọ́ ẹ dàgbà kí ìwọ náà wá jogún rẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe gun àtẹ̀gùn ni? Ó gùn ún jù mí lọ! Aláìlera wo nìyẹn?"

"Mo rí i," ìyá rẹ̀ ní, ó sì ṣí omi ẹ̀rọ sórí àwọn ife náà. Dálida binú wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó pinnu pé òun máa fi ìrìn ọkùnrin náà ṣẹ́gun ìyá òun: bó bá rí i tó ń gòkè tó ń sọ̀ títí, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nígbà tí Dálida bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo àwòrán ìrìn náà jọ láti kọ ìwé rẹ̀, ó kan èyí tí wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ tí òun lọ sí Cali fún ìpàdé àwọn onímọ̀. Àwọn ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń tiro. Ìbàdí kan ń fò sókè, gbogbo ara sì ń dà sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún.

"Àǹtí, ẹ ti ṣi orúkọ kọ síbí. Ẹ kọ Norbey mọ́ ẹlòmíì."

Zoraida bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Norbey nìyẹn."

"Kì í ṣe Norbey. Mo mọ ìrìn Norbey."

"Èyí tó o mọ̀ yẹn, ìwọ ló ń rìn ín fún. Ọ̀sẹ̀ yẹn, o ò sí níbí."

Dálida fa àga, ó jókòó. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́ fún mi?"

"Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi." Zoraida fọwọ́ bo ojú. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ra yín, ọmọ mi. Alárinà tó ń gbádùn iṣẹ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ kì í ríran dáadáa."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dálida wọkọ̀ lọ sí Neira láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ọjà ni, àwọn jíìpù tò sí ẹ̀gbẹ́ gbàgede iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn awakọ̀ ń jùwọ́ ń pariwo. Ó rí Norbey láti ẹ̀yìn. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó dúró díẹ̀ kí ìrora náà kọjá, ó wá ń lọ tìrótìró, ọwọ́ lórí itan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Ìjó, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú wọn padà. Ara tù ú láàárín wọn. Dálida kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Norbey bá yíjú, ó sì rí i. Lójú ẹsẹ̀ ni ìrìn náà yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ọwọ́ kúrò lórí itan, ó ń bọ̀ ṣánṣán bí ọkọ ìyàwó, ẹ̀rín lẹ́nu, òógùn níwájú orí. Ọkàn Dálida bàjẹ́ ju bó ṣe rò pé ó máa bàjẹ́ lọ.

"Bọ́ ẹsẹ̀ yẹn," ló fi kí i.

"Níbí? Lójú gbogbo èèyàn?"

"Wá ibi tó o ti máa bọ́ ọ."

Wọ́n jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta okùn àti àpò. Norbey bọ́ ẹsẹ̀ náà, ó ká ìbọ̀sẹ̀ kúrò lórí kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò ńlá kan wà níbẹ̀, pupa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń dúdú.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìwọ mọ̀, Norbey, o sì ń rẹ́rìn-ín sí mi! Èmi ni mo ṣe ẹsẹ̀ yìí. Tó bá ń jẹ ẹ́ lára, èmi ni mò ń jẹ ẹ́ lára."

"Tó o bá wà níbẹ̀, kì í dùn mí."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí."

Norbey wolẹ̀. "Láti ìgbà tí wọ́n ti gé e, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló máa ń ṣe 'pẹ̀lẹ́ o.' Ìyá mi gan-an. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà láyé tí kò ní ṣe mí ní pẹ̀lẹ́. Mo bá yàn ẹ́."

Omi lé sójú Dálida, síbẹ̀ kò dẹ ohùn rẹ̀. "Ọkùnrin kan máa ń rìn níwájú mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá rí i lónìí pé ẹni náà ò sí. Ọkùnrin tí kò lè tiro níwájú mi, ọjọ́ wo ló máa sunkún níwájú mi? Ṣé títí tá a fi máa kú la ó máa ṣe eré yìí?"

Dálida pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbé e délé, ó mú ẹsẹ̀ náà dání, ó sọ fún un pé kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì padà sí Manizales.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Echavarría ni Dálida kọ́kọ́ lọ bá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, àti ti ìfẹ́ àti ti ìrìn. Àgbàlagbà náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún títí.

"A máa yọ ìrìn ọ̀gbẹ́ni yẹn kúrò pátápátá. A máa tún ago tó ń gba kùkùté ẹsẹ̀ ṣe, wàá sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lákọ̀tun. Oyè rẹ á pẹ́ sí i. Mo bá ẹ kẹ́dùn, ọmọ mi, àmọ́ ẹsẹ̀ tó dára lójú kámẹ́rà nìkan, ta la fẹ́ fi ràn lọ́wọ́?"

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

Iṣẹ́ kò pa á lára bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe pa á lára. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun le jù, bóyá obìnrin mìíràn á ti rí ẹ̀bùn nínú ohun tí Norbey ṣe. Ẹni tó fara da ìrora nítorí rẹ, ṣé ẹni tí à ń kọ̀ sílẹ̀ ni? Ó máa ń wá sí i lọ́kàn pé kó pè é. Ó sì máa ń rántí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nà lójijì ní gbàgede ọjà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á sì kúrò lórí fóònù.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti kọjá kí Zoraida tó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Wọ́n ní bí a bá mojú ara tán, alárinà a yẹ̀bá. Ẹ̀yin méjèèjì ò jẹ́ kí n yẹ̀bá o. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Kí ló ní kẹ́ ẹ sọ?"

"Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ wá bá ìyá ẹ lọ́jọ́ Sunday, kó tọrọ ẹ."

"Ẹ sọ fún un pé tó bá jẹ́ ọkùnrin tó rìn dáadáa yẹn ló ń bọ̀, kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu."

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, lẹ́yìn Máàsì, Dálida dúró lójú fèrèsé, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí Norbey tó ń bọ̀ láti òkè àdúgbò, lórí ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì. Egbò náà kò tíì san tán, dókítà kò jẹ́ kó wọ ẹsẹ̀ kankan. Ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì sókè, ó fi píìnì mú un. Òpópónà náà dà gẹ̀rẹ́, ó ń dúró, ó ń sinmi lára ògiri, ó ń bọ̀. Àwọn aládùúgbò yọjú. Ẹnì kan ṣe "pẹ̀lẹ́ o," ó sì dá a lóhùn pé ó ṣeun.

"Irú ìrìn wo nìyí?" doña Leonilde béèrè.

"Ìrìn rẹ̀ nìyẹn, Màmá."

Ó wọ ilé náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n dúró lókè àtẹ̀gùn, wọ́n ń gbọ́ ọ̀pá náà tó ń kan òkúta, kọ̀, kọ̀. Ó gun àjà àkọ́kọ́. Ó gun díẹ̀ sí i. Ọ̀pá kan já bọ́, ó yí lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Èémí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Dálida gbé ẹsẹ̀ kó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú.

"Jẹ́ kó pè."

"Màmá, ó máa ṣubú!"

"Jẹ́ kó pè, mo ní. Bàbá ẹ ò pè mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo wà níbẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń bọ́ ọ, kò sú mi lọ́jọ́ kan. Alẹ́ ọjọ́ tó kú, ìrora mú un títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ó rí i pé mo sùn, kò fẹ́ jí mi. Yàrá kan náà la wà, Dálida. Mo jí, ó ti tutù. Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ ní ọmọ mi. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí gun àtẹ̀gùn mi láìfọwọ́ kan irin, tó ń làágùn, tó ń sọ pé ara òun le, bàbá ẹ ni mo rí."

Dálida di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì ń tẹ́tí sísàlẹ̀. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Kò gbàdúrà pé kó gùn ún dókè o. Kó ṣáà ti lanu ni.

Ó pẹ́. Ilẹ̀kùn ẹnì kan ní àjà kejì ṣí, ó sì tún tì.

"Dálida!" Ohùn Norbey ti isàlẹ̀ wá, kò le, kò sì fi ẹ̀rín bò ó. "Mi ò lè gùn ún mọ́. Ó ń dùn mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà mí."

Kí Dálida tó mira, ìyá rẹ̀ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀, ọwọ́ kan lára irin, ó ń pariwo kí gbogbo ilé gbọ́.

"Dúró, ọmọ mi! Má mira o! À ń bọ̀!"